Fátíà Tí A Kà Lórí Igi Emi

Lẹ́yìn abúlé tí wọ́n bí mi sí, ọ̀dàn kan wà tó jẹ́ pé igi emi ló pọ̀ jù níbẹ̀, igi tí àwọn ìyá wa ń ṣa èso rẹ̀ láti fi ṣe òrí. Kì í ṣe igbó dúdú. Oòrùn ń wọ ibẹ̀ dé ilẹ̀, koríko ibẹ̀ sì ń ga ju ọmọdé lọ nígbà òjò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, iná a jó koríko náà tán, ilẹ̀ a dúdú, àwọn emi a sì dúró láàárín eérú pẹ̀lú èèpo ara wọn tó sán wẹ́wẹ́ bí awọ ọ̀nì. Bí òjò bá tún rọ̀, wọn a rúwé. Bí mo ṣe bá wọn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó bí bàbá mi ṣe bá wọn.

Bàbá mi ni Lèmọ́mù abúlé náà. Òun ló ni ilé-kéú tí mo ti kọ́kọ́ kàwé, kí wọ́n tó mú mi wá sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Gàmbàrí, ní Ìlọrin, láti lọ sí ilé-ìwé Lárúbáwá. Gbogbo ohun tí mo jẹ́ lónìí, inú mọ́ṣáláṣí ni Ọlọ́hun ti fún mi: ìwé tí mo kà, iṣẹ́ olùkọ́ tí mò ń ṣe, ọkọ mi, ilé kékeré wa ní Ṣàngó. N kì í jókòó lórí ẹní ìrun kí n má dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ti ọ̀dàn yìí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí n ó ṣe dúpẹ́ lórí rẹ̀. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tí n ó fi ṣe é.

Èédú ló dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí gáàsì ìdáná wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ ní Ìlọrin, ilé púpọ̀ padà sídìí èédú, ilé tèmi náà wà lára wọn. Igi emi le, èédú rẹ̀ wúwo, ó sì máa ń pẹ́ kó tó jó tán, òun gan-an ni àwọn tó ń sun èédú ń wá kiri. Àwọn abúlé tó yí wa ká ń ta tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ akẹ́rù á wọlé lófìfo, á jáde pẹ̀lú àpò tí wọ́n tò ga bí ilé. Lọ́jọ́ kan mo bi obìnrin tó ń ta èédú ní àdúgbò wa léèrè pé níbo ni tirẹ̀ ti ń wá.

"Tísà, ṣé èédú náà ń gba ìwé ọjọ́ ìbí ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ rà á, kí ẹ lọ fi se oúnjẹ ọkọ yín, oòrùn ti ń wọ̀."

Mo rà á.

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin kan láti Ọ̀mù-Àrán, tí a ti jọ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí ní ilé-ìwé kan náà, wá mi wá sílé. Ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tísà, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Challenge. Ọṣẹ àti ìpara ni wọ́n ń fi òrí ṣe níbẹ̀. Ó ní àwọn oníbàárà àwọn ní òkè òkun fẹ́ òrí tó wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kì í gé igi. Ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ àti iléeṣẹ́ àwọn ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí àwọn ọ̀dàn tó kù: ìjọba yóò fi ẹ̀ṣọ́ ṣọ́ wọn, iléeṣẹ́ yóò máa bu epo sí ọ̀kadà àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, yóò sì máa ra èso lọ́wọ́ àwọn ará abúlé, àwọn ará abúlé ò sì ní í gé igi.

"Ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ó wí. "Abúlé yín ló kù tí igi ibẹ̀ ṣì pé."

Abẹ́ igi mángòrò iwájú mọ́ṣáláṣí la ti ṣe ìpàdé náà, lẹ́yìn ìrun Alaásàrì. Bàbá mi wà níbẹ̀, Baálẹ̀ wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù. Àwọn obìnrin jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ṣe òrí ló sì wà níwájú wọn. Ó wo ọmọ Ọ̀mù-Àrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti po òrí rí?"

"Rárá o, Màmá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ́ mi, n ó mọ̀ ọ́n."

"Pẹ̀lú èékánná tí o kùn yẹn? Tí èékánná bá já sínú òrí ńkọ́, ta ni yóò rà á?"

"Iléeṣẹ́ wa á rà á, Màmá. Wọ́n á ní ó ní àwọ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà náà sì rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti gbà á sọ́dọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni bàbá mi béèrè. "Ṣé ẹ ó máa wá rà á lọ́dọọdún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí igi bá ti wà lórí ìdúró, a ó máa wá."

"Ó tó. Ẹ jẹ́ ká ṣe Fátíà."

Ẹni tí kò gbé ọ̀dọ̀ wa lè má mọ bí èyí ti wúwo tó. Ọ̀dọ̀ wa, Fátíà la fi ń so ìgbéyàwó, òun la fi ń parí ìjà ilẹ̀, òun la fi ń pín ogún. Àáfà yóò ka ohun tí a fẹnu kò sí sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́, yóò fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí, yóò ka Fátíà, gbogbo ènìyàn yóò ṣe àmín, wọ́n á fi ọwọ́ pa ojú. Ó parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó tún ń fi kún un tàbí tó ń yọ nínú rẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin kan tí ó yẹ Fátíà tí wọ́n ṣe lórí ilẹ̀ oko. Kò sẹ́ni tó lù ú, kò sẹ́ni tó bú u, ṣùgbọ́n nígbà tó ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, kò rí ẹni tí yóò wá ṣe àmín fún un.

Bàbá mi tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Àwa ò ní í gé e, a ò sì ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e. Àwọn yóò máa rà á lọ́wọ́ wa lọ́dọọdún. Ọlọ́hun ni ẹlẹ́rìí wa." Ó ka Fátíà. A ṣe àmín. Mo rí ọmọ Ọ̀mù-Àrán náà tó tẹrí ba, tó di ojú rẹ̀ pinpin bí wọ́n ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí òun náà ṣe àmín. Òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe tirẹ̀ láìgbójú sókè.

Bí a ti ń dìde, ọmọ Ọ̀mù-Àrán náà ní ìwé àdéhùn yóò tẹ̀lé e láti ọ́fíìsì.

"Ìwé kẹ̀?" Ó ya bàbá mi lẹ́nu gidi. "Ìwé wo ló tún kù lẹ́yìn Fátíà? Ṣé ẹ fẹ́ kí Ọlọ́hun tún wá tẹ̀ka ni?"

Gbogbo abẹ́ igi náà tú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Iléeṣẹ́ kò sì kánjú nípa ìwé tí kò sẹ́ni tó ń béèrè. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e dára. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà jẹ́ aláìmoore. Ọkọ̀ iléeṣẹ́ ń wá bí àwọn obìnrin bá ti sá èso wọn gbẹ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń lọ kóró emi, apá àwọn ìyá wa sì sinmi lọ́wọ́ odó. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń ro etí ọ̀dàn mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí iná má baà wọlé, torí náà àwọn ọmọ emi tí iná máa ń pa ní kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń gun ọ̀kadà wọn kọjá lárọ̀ọ́ lálẹ́. Bí mo bá lọ kí bàbá mi, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni yóò mú mi lọ wò wọ́n, yóò máa fi ọ̀pá rẹ̀ kan ìdí wọn. Ìyá ló máa ń pè mí, torí wọ́n ní ìyá rẹ̀ ni mo jọ. "Ìyá, wo èyí," ni yóò wí. "Èyí ò tó orúnkún mi lésìí."

Lẹ́yìn náà ni ọdún kan dé tí ọkọ̀ kò wá.

Àwọn obìnrin ti ṣa èso, wọ́n ti sè é, wọ́n ti sá a, wọ́n ti rọ ọ́ sínú àpò. Àpò náà kún yàrá ẹ̀rọ, ó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀, wọ́n tún to díẹ̀ sí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Fóònù ọ́fíìsì kò lọ. Mo gba Challenge lọ lẹ́yìn iṣẹ́ ní ọjọ́ kan, mo gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà kejì ilé tí iléeṣẹ́ náà wà, mo bá ilẹ̀kùn ní títì. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀ ní wọ́n ti kó ẹrù wọn kúrò. Mo wá ọmọ Ọ̀mù-Àrán náà dé ilé. Aṣọ ilé ló wà lọ́rùn rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ àwọn ní òkè òkun ti rí ibòmíràn tó dẹ́rùn fún wọn. Ó ní iléeṣẹ́ ti padà sí Èkó, wọ́n sì ti ní kí òun máa lọ.

"Ṣé ẹ ó lè bá mi sọ ọ́ fún Bàbá?" mo bi í.

"Èmi ni mo sọ pé a ó máa wá," ó wí. "Èmi náà ni kí n lọ sọ pé a ò wá mọ́."

Mo bọ̀wọ̀ fún un láti ọjọ́ náà. Nígbà tí a dé abúlé, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan pamọ́. Bàbá mi gbọ́ ọ tán.

"Ṣùgbọ́n a ṣe Fátíà," ó wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mo rò pé àdúrà ìparí ìpàdé ni. Bí a ti ń ṣe ní ọ́fíìsì nìyẹn: a fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, a fi àdúrà parí, kálukú a gba ilé rẹ̀ lọ."

"Ìwọ náà sì ṣe àmín."

"Mo ṣe é, sà. Tọkàntọkàn ni mo ṣe é."

Bàbá mi ní kí wọ́n bu omi fún un mu, ó sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́hun pèsè iṣẹ́ mìíràn fún un. Kò bínú sí i. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń bínú sí, nítorí ìwé tó fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Oṣù yẹn kò tíì parí tí oníṣòwò èédú kan fi wá láti ìlú, ọkùnrin sísanra kan tó mọ yẹ̀yẹ́ ṣe. Ó ra omi inú ọ̀rá, ó ń há a fún àwọn tó wà lójúde Baálẹ̀.

"Àáfà, ẹ káàsán o! Mo rí igi yín lójú ọ̀nà, wọ́n mà sanra o. Ó jọ pé àwọn ló ń jẹun nílé yìí."

"Alhamdulilahi," ni bàbá mi dá a lóhùn.

"Àwọn tí ẹ bá ṣe Fátíà ti lọ. Ta wá ni ẹ ń mú àdéhùn ṣẹ fún?"

"Ọlọ́hun."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó nu ẹnu. "Kò burú, Àáfà. Èmi ò lè bá Ọlọ́hun ná ọjà. Ṣùgbọ́n n ó máa yà kí yín."

Ó sì ń yà lóòótọ́.

Ìlànà bàbá mi kò le láti yé ènìyàn: kì í ṣe iléeṣẹ́ la ṣèlérí fún, Ọlọ́hun la ṣèlérí fún, Ọlọ́hun kò sì kó lọ sí Èkó. Gbogbo abúlé gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n èso inú àpò bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò wá mọ́, torí epo iléeṣẹ́ ló ń gbé ọ̀kadà wọn. Ẹ̀rọ ìlọ bàjẹ́, kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ra irin rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ti ń ro etí ọ̀dàn jókòó sí ojúde, wọ́n ń wo ọkọ̀ èédú tó ń ti àwọn abúlé yòókù bọ̀.

Mo kan ilẹ̀kùn kiri ní Ìlọrin. Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n ní kí n padà wá. Mo lọ sí iléeṣẹ́ ńlá kan, wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ igi gan-an: àwọn yóò fún wa ní irúgbìn, àwọn yóò dá fìlà tó ní orúkọ iléeṣẹ́ lára, àwọn yóò wá gbìn ín pẹ̀lú wa, kí wọ́n sì ya fọ́tò. Mo ní a kò fẹ́ gbin igi, a ní igi. Mo ní emi máa ń pẹ́ kó tó so, pé ẹni tó gbìn ín lónìí, ọmọ rẹ̀ ni yóò ṣa á. Mo ní ẹni tí yóò ra èso là ń wá. Arákùnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀ fi sùúrù gbọ́ mi tán.

"Ìyá wa, èso kò sí nínú ètò tiwa," ó wí. "Irúgbìn ló wà níbẹ̀."

Mo bá ọkọ̀ takisí padà sí Ṣàngó pẹ̀lú fìlà kan tó fi ta mí lọ́rẹ.

Ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ sópin nígbà tí ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn aṣòrí wá bá bàbá mi. Mo wà níbẹ̀, mò ń bá a rán aṣọ rẹ̀. Obìnrin náà kò jókòó.

"Àáfà, wọ́n ti ń gé e."

"Àwọn wo?"

"Ẹ má bi mí ní orúkọ. Ọmọ tèmi wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹ kì í dé. Wọ́n á fọ ọwọ́, wọ́n á wá kírun lẹ́yìn yín." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Igi ni mò ń sunkún rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí ọmọ mi ni. Ẹ ti fi Ọlọ́hun dè wọ́n, ebi sì ń pa wọ́n. Ìgbà tí wọ́n bá kú ńkọ́? Kí ni wọn yóò wí?"

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, bàbá mi ní kí n bá òun bu omi àlùwàlá. Ó wà lórí ẹní ìrun títí mo fi parí ohun tí mò ń rán.

Nígbà tó dìde, mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe lójú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mi ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí mo ṣe é. "Baba, ẹ fún mi ní àkókò díẹ̀ sí i. Mo ṣì ń wá iléeṣẹ́ mìíràn."

"Ìyá, dìde."

"Bí ẹ bá tú u, kò ní í ku ẹyọ kan."

"Mo mọ̀." Ó jókòó tì mí. "Igi, Ọlọ́hun kò ní bi í léèrè nǹkan kan. Àwọn ọmọ yìí, yóò bi wọ́n. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ náà sí wọn lọ́rùn."

Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìrun, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde. Ó yíjú sí wa. Láti ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n fi pààlà fún àwa obìnrin, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́.

"Fátíà tí a ṣe lórí ọ̀dàn," ó wí, "èmi ni mo kà á. Àwọn tí a jọ ṣe é ti lọ. Mo tú u lónìí. Mi ò ní kí ẹ lọ gé igi. Mo ní ẹni tó bá gé e, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ìlérí lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Ìtánràn rẹ̀ wà lọ́rùn tèmi. Ọlọ́hun ni ẹlẹ́rìí."

Ó yẹ ká ṣe àmín. Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ ní ìlà iwájú. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà yẹn, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ṣe àmín pẹ̀lú ohùn tó ya, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e.

Ọjọ́ kejì ni ayùn ẹlẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Oníṣòwò èédú ti gbọ́ kó tó di alẹ́ Jímọ́ọ̀. Mi ò mọ ẹni tó pè é, mi ò sì béèrè.

Bàbá mi gba ààwẹ̀ ìtánràn rẹ̀. Àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ lè sọ pé kò tọ́ sí i, pé àwọn tó kọ́kọ́ yẹ àdéhùn ni ó tọ́ sí. Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá a ṣínu ní ọjọ́ tó parí rẹ̀. Láti ojú ọ̀nà ni mo ti rí èéfín, kì í ṣe èéfín tó ń ga sókè. Èyí ń rá pálá nílẹ̀ láti inú àwọn òkìtì tí wọ́n fi erùpẹ̀ bò, ó sì gba gbogbo ọ̀dàn. Ibi tí ó ti ṣí díẹ̀, mo ń rí ojú ọ̀run níbi tí mi ò ti rí i rí.

A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì, ó fi omi ṣínu, ó mu ẹ̀kọ díẹ̀.

"Ṣé ìwọ náà ń gbóòórùn rẹ̀?" ó bi mí.

"Mò ń gbọ́ ọ, Baba."

"Alhamdulilahi," ó wí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Mo sọ ọ́ tẹ̀lé e. Mo dúpẹ́ pé kò sí ìlérí kankan lọ́rùn àwọn ọmọ náà mọ́. Ibi tí agbára ìdúpẹ́ mi mọ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà mo tẹ̀ lé e lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin kún, mo sì dúró sí etí aṣọ ìpààlà níbi tí mo ti lè rí iwájú. Bàbá mi dúró níwájú, ó yíjú padà láti ní kí wọ́n to ìlà wọn. Baálẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn arúgbó bíi mélòó kan wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kò sí. Òkìtì èédú tó ń jó lábẹ́ erùpẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá rí ihò wọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ á di eérú, nítorí náà ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ìdí rẹ̀ ni wọ́n sì ń jí.

Ó dúró dè wọ́n díẹ̀, ojú rẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wọlé, ó kọjú sí Kíbúlà, ó sì gbé ọwọ́ sókè.